ÌDỌ̀TÍ ILÉ-OÚNJẸ KÌ Í ṢE ẸRÙ ỌJÀ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjọ. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí ohun tó bá ń lé oníbàárà sá lẹ́nu àtẹ, ọ̀rọ̀ owó ni.

Gbogbo wa la rí bí agbègbè Basin yìí ṣe ń fẹ̀ sí i. Òtẹ́ẹ̀lì ń pọ̀, búkà ń pọ̀, gbọ̀ngàn ìnáwó ń pọ̀, àwọn tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ pátì náà ń pọ̀. Ìyẹn dára fún wa. Ta ló ń ra ata, tòmátì, àlùbọ́sà, iṣu, ẹ̀fọ́, adìẹ àti ẹja lọ́wọ́ wa lápò-lápò, bí kì í bá ṣe àwọn? A kì í bá oníbàárà jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a bi ara wa: bí wọ́n bá se oúnjẹ tán, tí àlejò jẹ, tó ṣẹ́kù, níbo ni àṣẹ́kù náà ń lọ?

Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn rẹ̀. Inú náílọ̀n dúdú ni wọ́n ń kó o sí. Ọmọ tó ń ti ọmọlanke á gba owó díẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ó di ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó di ẹnu gọ́tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ajá ti ya náílọ̀n, ìrẹsì, egungun, èèpo iṣu àti omi ọbẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ pépà àti ike, eṣinṣin ti bò ó. Bí wolé-wolé bá dé, ta ni wọ́n máa bá níbẹ̀? Àwa oníṣọ́ọ̀bù náà ni. Wọn kì í bi ìrẹsì pé inú ìkòkò ta lo ti wá. Iwájú àtẹ ta ni wọ́n ti bá a ni wọ́n máa ń wò. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ nínú ìwé yìí rọrùn láti gbọ́: ẹni tó bá se oúnjẹ tà, òun ló ni àṣẹ́kù rẹ̀. Kí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé-oúnjẹ ńláńlá wá ọ̀nà tó dára, tó máa tọ́jọ́, tí wọ́n á fi máa palẹ̀ ìdọ̀tí oúnjẹ wọn mọ́. Kí ó má jẹ́ pé àwọn ń jẹ èrè, àwa ń jẹ òórùn.

Ewu tó wà nínú rẹ̀

Àwọn kan á sọ pé oúnjẹ kì í ṣe májèlé, pé bó bá rà, ilẹ̀ ló máa gbà á. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé inú oko ni. Ṣùgbọ́n ẹnu gọ́tà kì í ṣe oko. Òróró àti ọ̀rá tí wọ́n ń dà sínú gọ́tà máa ń dì mọ́ ara kọnkéré, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, náílọ̀n á há sí i. Bí òjò ńlá bá dé, omi kò ní rí ọ̀nà gbà, ó di inú ṣọ́ọ̀bù. Omi tó bá sì rí ọ̀nà lọ, odò ló ń kó ẹ̀gbin náà lọ bá. Gbogbo ará Ìlọrin ló mọ Odò Asà, a sì mọ bó ṣe máa ń kún bo ilé àwọn tó wà létí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2017. Láti ìparí oṣù kẹrin ọdún náà ni àrùn onígbáméjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló jà: Ìlà Oòrùn Ìlọrin, Ìwọ̀ Oòrùn Ìlọrin, Gúúsù Ìlọrin, Asà àti Moro. Nígbà tó fi máa di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn 1,558 ni wọ́n fura sí pé ó ti kó o, èèyàn 11 sì ti kú. A kò sọ pé òtẹ́ẹ̀lì ló fà á o. Omi àti àyíká tí kò mọ́ ni àrùn yẹn máa ń bá rìn. Ṣùgbọ́n ibi tí eṣinṣin bá ti ń ti orí ẹ̀gbin bọ́ sórí ẹran, sórí wàrà, sórí fùfú, ṣé a lè sọ pé a ń bá àrùn jà, àbí à ń pè é wálé?

Eku tún ń bẹ. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n fi orúkọ abúlé Lassa ní Borno pè, eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ló ń kó o ran èèyàn. Ẹni tó bá sì da àṣẹ́kù oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà lálẹ́, ó ti se àsè fún eku nìyẹn. Bí eku bá yó tán níbẹ̀, inú àpò gàrí àti èlùbọ́ wa ló máa sùn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ẹran ọ̀sìn. Ewúrẹ́ àti àgbò tó ń jẹ kiri ọjà kò mọ̀ pé náílọ̀n tó rùn bí ọbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Bó bá gbé e mì, inú rẹ̀ ni yóò wà, kò ní dà, kò sì ní bá ìgbẹ́ jáde. Ẹran á máa rù, ikùn rẹ̀ á máa tóbi, títí yóò fi kú. Ẹni tó ti sin àgbò dè Iléyá tó wá bá a ní òkú, á mọ ohun tí a ń wí.

Àwọn ìyá wa kì í da nǹkan nù

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun àjèjì tí òyìnbó ń kọ́ wa. Láyé àwọn ìyá wa, kí ló ń ṣòfò nínú ilé ìdáná? Ẹni tó bá sẹ́ ògì, èérí rẹ̀ di ti ẹran. Ẹni tó bá bẹ iṣu, èèpo rẹ̀ di ti ewúrẹ́, tàbí kí ó sá a kó gbẹ. Eérú di ohun tí à ń fi se ọṣẹ. Ohun tó bá ṣẹ́kù lọ sí ààtàn lẹ́yìnkùlé, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, orí ààtàn yẹn gan-an ni ẹ̀fọ́ tó yọ̀ dáadáa ti máa ń hù. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé náílọ̀n, ike àti pépà wá dàpọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ààtàn tí náílọ̀n wà nínú rẹ̀, kò wúlò fún oko, kò wúlò fún ẹran.

Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìyàsọ́tọ̀ lọ. Bí oúnjẹ bá wà lọ́tọ̀, ọjà ni. Bó bá dàpọ̀ mọ́ ike, ìdọ̀tí ni. Àwa tí à ń ta páálí, tí à ń ta ìgò, tí à ń ta garawa òróró tó ti ṣófo, ṣé a ò mọ̀ pé ohun gbogbo ló ní ẹni tó ń wá a?

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn jọ dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n pe ajílẹ̀ náà ní Pacesetter. Ìdọ̀tí inú ọjà àti ìgbẹ́ màlúù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ni wọ́n ń kó jọ. Wọ́n á ṣa náílọ̀n àti irin kúrò, wọ́n á jẹ́ kí ìyókù rà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sí àpò fún àgbẹ̀. Inú ọjà bíi tiwa ni wọ́n ti ṣe é o, kì í ṣe ní Amẹ́ríkà.

Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, àlùfáà kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá oko Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ilẹ̀ hẹ́kítà kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní àdànù. Wọ́n ń jẹ́ kí eṣinṣin yé sórí àṣẹ́kù, ìdin tó bá yọ di oúnjẹ ẹja àti adìẹ. Ìgbẹ́ ẹran àti ewéko odò ń wọ inú táńkì tí wọ́n dé pa, gáàsì á jáde nínú rẹ̀, wọ́n á fi dáná. Omi tó bá kù nínú táńkì náà tún di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Àwọn èèyàn ti lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láti Nàìjíríà àti káàkiri Áfíríkà.

Ní Ìbàdàn kan náà, àwọn olùwádìí ní ọgbà IITA wá ọ̀nà sí èèpo ẹ̀gẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí a bá sá èèpo ẹ̀gẹ́ sí oòrùn, ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ, bí òjò bá sì pa á, ó bu nìyẹn. Wọ́n wá ń rin ín, wọ́n ń fún un, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ṣe gàrí gan-an. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti gbẹ. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Ẹ̀yin tó ń ṣe gàrí àti fùfú, ẹ gbọ́ o: ohun tí ẹ ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀ ni.

Lókè òkun, orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà ṣòfin ní ọdún 2005 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó àṣẹ́kù oúnjẹ lọ sin sí ààtàn ìjọba mọ́. Láti ọdún 2013, bí ìdọ̀tí oúnjẹ ẹni bá ṣe pọ̀ tó ni owó tí yóò san ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wo bí ọgbọ́n yẹn ṣe ṣiṣẹ́: ẹni tó ń san owó lórí ohun tó ń dà nù, kò ní í fẹ́ dà á nù mọ́.

Kí a má sì rò pé tiwa nìkan ni. Ẹ̀ka Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, UNEP, sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 pé ní ọdún 2022, oúnjẹ tó tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05 ló ṣòfò ní gbogbo ayé, àti èèpo àti egungun rẹ̀. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó bá ṣòfò, 60 wá láti ilé àwọn èèyàn, 28 wá láti òtẹ́ẹ̀lì, búkà àti irú wọn, 12 sì wá láti ṣọ́ọ̀bù àti ọjà. Ìyẹn ni pé òtẹ́ẹ̀lì àti búkà ń da nǹkan nù ju ìlọ́po méjì ohun tí ọjà ń dà nù lọ. Síbẹ̀, ọjà ni gbogbo èèyàn ń nà ní ìka sí pé ó dọ̀tí!

Ìkìlọ̀ kan

Ẹni tó bá gbọ́ èyí kó má kàn gbé garawa lọ sí ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì láti kó àṣẹ́kù bọ́ ẹran. Ní ọdún 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹran ọ̀sìn ní ìlú Ọba. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé oko ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ti ń fi àṣẹ́kù oúnjẹ tí wọn kò sè dáadáa bọ́ ẹran. Ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n pa kí ó tó rọlẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ àti èérí ògì tí kò tíì kan ẹran, ẹ lè kó wọn fún ewúrẹ́ àti àgbò. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti àwo àlejò wá, tí ẹran tàbí egungun ti kàn, ẹ má fún ewúrẹ́ tàbí màlúù. Ìdin àti ajílẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Bákan náà ni ti oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Tálákà pọ̀ ní ìlú, ọmọ kéú pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a da ìrẹsì gbígbóná nù nígbà tí ẹnìkan ń sùn pẹ̀lú ebi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fún wọn nígbà tó ṣì dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà lásán lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ. Ohun tí a kò lè fún ọmọ tiwa, kí a má fi ṣe sàráà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí a ń fẹ́

Àwọn olótẹ́ẹ̀lì lè sọ pé àwọn ń san owó ìdọ̀tí. A kò jiyàn. Àmọ́ owó ìdọ̀tí tí èèyàn san kò sọ pé kó kó ẹrù rẹ̀ sọ́nà ẹlòmíràn lóru. Wọ́n tún lè sọ pé nǹkan ti wọ́n, pé iná kò sí, pé dísù ń jẹ owó. Àwa náà ń ra dísù. Ohun tí a ń béèrè kò ná wọn ní owó ńlá:

Èkíní, kí ilé-oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní garawa mẹ́ta tó ní ìdérí: ọ̀kan fún èèpo àti ewé, ọ̀kan fún àṣẹ́kù inú àwo, ọ̀kan fún náílọ̀n, ike àti agolo. Ẹni tó ń fọ abọ́ ni kí wọ́n kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Èkejì, kí wọ́n má da òróró sínú gọ́tà mọ́. Kí wọ́n ṣe kòtò kékeré tó máa dá ọ̀rá dúró kí omi tó jáde, kí wọ́n sì máa gbọ́n ọ̀rá náà kúrò lóòrèkóòrè.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n bá àwọn tó ń sin ẹja, adìẹ àti ẹran ṣe àdéhùn. Ẹni kan pàtó ni kó máa wá kó o, ní àkókò pàtó, ní ojúmọmọ.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń sè kù. Ẹni tó bá ń kọ iye àwo tó padà pẹ̀lú oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, á mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà jò. Èyí gan-an ló máa pa owó mọ́ fún wọn jù.

Lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, a ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ kékeré kan tí a lè fi ṣe ajílẹ̀ ọjà. Láti ayé WAI ní ọdún 1984 ni wọ́n ti ń lé wa jáde pé ká gbálẹ̀, a sì ń gbá a. Ṣùgbọ́n gbígbá nìkan kò tó, bí ohun tí a gbá kò bá ní ibi tó ń lọ. A tún ń fẹ́ kí wolé-wolé máa wọ ẹ̀yìnkùlé òtẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ọjà. Òfin tó ń mú alátẹ nìkan, tí kì í mú olówó, kì í ṣe òfin.

Ní tiwa nínú ọjà, ẹ jẹ́ kí èèpo àti ewé wà lọ́tọ̀ láti òní lọ. Ajílẹ̀ kò le ṣe: ẹ da èèpo àti ewé tútù sísàlẹ̀, ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó tó ju ti tútù lọ bò ó, ẹ wọ́n omi díẹ̀ bó bá gbẹ jù, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ fi èyí tó gbẹ kún un. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò á wá a wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹni tó bá rí ọmọlanke lóru, kó má ná ọmọ náà, kó má sì bú u. Ọmọ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Kí ẹ béèrè ẹni tó rán an, kí ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ló máa lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, bí oníbàárà sí oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ ‘basin’ tó wà lórúkọ àdúgbò wa, òun náà ló wà lórúkọ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò omi Odò Ọya fún iṣẹ́ oko, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin wa níbí. Omi àti oko ni orúkọ yẹn ń sọ. Kò yẹ kí ibi tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tí omi ti ń dí, tí ohun tó yẹ kó lọ sóko ti ń jẹrà lẹ́nu gọ́tà.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ará ilé wa ni àwọn olótẹ́ẹ̀lì, oníbàárà wa ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ lójú wọn. Ẹ bá wa fi ìwé yìí hàn wọ́n nígbà tí wọ́n bá wá ra ata. Ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kà. Ọjà wa á tà, a kò ní fi èrè wa ra oògùn. Àmín o.